Egbò Asofẹ́yẹjẹ àti Àwọn Abúlé Àró

Igi asofẹ́yẹjẹ kì í ga púpọ̀. Etí igbó ló fẹ́ràn, àti ilẹ̀ oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tó ń di igbó padà. Ewé rẹ̀ máa ń yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin yí ẹ̀ka ká, bí èèyàn bá sì já a, oje funfun á yọ lójú ibi tó ti já. Èso rẹ̀ kéékèèké, wọ́n a máa pọ́n, ẹyẹ a sì máa dà bò wọ́n. Ẹni tí kò mọ ewé lè kọjá lára igi náà láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má bojú wò ó. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń wá lára rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló wà: egbò kan tó korò débi pé ewúro kò tó o. Egbò yìí ni àwọn àgbà Yorùbá fi ń rọ wèrè tó ń jà, kí ilé iṣẹ́ oògùn kankan nílẹ̀ òyìnbó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Láàárín ọdún 1950 sí 1965, egbò yìí àti àwọn abúlé mẹ́rin kan lẹ́bàá Abẹ́òkúta wọnú ìtàn ìṣègùn àgbáyé, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ oògùn a máa sọ ti egbò. Àwọn dókítà ọpọlọ a máa sọ ti abúlé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan tó sọ méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú agbo ilé oníṣègùn tó ń wo wèrè láyé àtijọ́, egbò àti ilé kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹni tó po egbò fún aláìsàn náà ló tẹ́ ẹní fún un. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ lójúmọ́.

Yorùbá kì í pe gbogbo wèrè ní orúkọ kan. Asínwín ni ẹni tí tirẹ̀ dé lójijì, tó ń pariwo, tó ń sá kiri. Wèrè aláṣọ ni ẹni tó ṣì ń wọṣọ dáadáa, tó ń kí èèyàn, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́ bí ìjókòó bá pẹ́. Dìndìnrìn ni ti ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò dàgbà láti kékeré. Bí ìyálọ́mọ bá bímọ tán tí orí rẹ̀ dàrú, abísínwín ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ orí ni ti ẹni tí nǹkan ń rìn lágbárí rẹ̀, tí oorun sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà láti Amẹ́ríkà wá bá àwọn oníṣègùn Ẹ̀gbá jókòó ní 1961, ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ni bí àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó, àti bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe bá àpèjúwe inú ìwé tiwọn mu.

Kí oníṣègùn tó sọ pé òun lè wo aláìsàn, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀ràn náà ti wá. Ṣé ìran ni, tó ti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà wá? Ṣé àfiṣe ni? Ṣé òrìṣà ìdílé kan ni wọ́n pa tì? Ṣé igbó tó ń mu ló fà á? Ifá tàbí ẹẹ́rìndínlógún ni wọ́n máa fi wádìí èyí, ìwádìí náà sì lè gba ọjọ́. Ẹni tó ń ju òkúta, tí kò tíì fojú kan oorun láti ọjọ́ mẹ́rin, kò lè dúró títí Ifá yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Ibí ni asofẹ́yẹjẹ ti ń wọlé.

Wọ́n á wú egbò náà, wọ́n á fọ yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á wá bó èèpo rẹ̀, nítorí inú èèpo egbò ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù. Wọ́n á sá èèpo náà títí yóò fi gbẹ, wọ́n á gún un lódó, wọ́n á kù ú. Ẹlòmíràn á fi omi pò ó, ẹlòmíràn á rẹ ẹ́ sínú ọtí; àwọn kan a máa pò ó mọ́ ẹ̀kọ kí ìkorò rẹ̀ lè dín kù lẹ́nu. Aláìsàn tó mu ún lè bì, ó lè yàgbẹ́, lẹ́yìn náà oorun á gbé e. Oorun yìí ni oníṣègùn ń wá. Bí wọ́n ti ń fún un lọ́jọ́ dé ọjọ́, ara rẹ̀ á máa balẹ̀, ẹni tó ń bá ògiri jà lánàá á wá jókòó, á béèrè oúnjẹ.

Asofẹ́yẹjẹ nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Lójú Yorùbá, orí wèrè ti gbóná, ó sì yẹ kí a tù ú. Òdúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin, àwọn ewé èrọ̀ tí gbogbo ilé mọ̀, ni wọ́n máa ń gbo sínú omi fi wẹ orí aláìsàn. Wọ́n á fọ́ ìdí ìgbín, wọ́n á gba omi rẹ̀ sí i, torí ìgbín kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọfọ̀ wà, ẹbọ wà, gbẹ́rẹ́ wà. Onímọ̀ oògùn tó bá ń ka irú àkọsílẹ̀ yìí lè fẹ́ fa egbò yọ kó sì ju ìyókù nù. Àwọn tó ń ṣe é kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́dọ̀ tiwọn, egbò ń mú ara balẹ̀ kí àwọn nǹkan yòókù lè ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oyin bo ìtàn náà. Inú àbà tàbí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Igi ńlá ni àbà, wọ́n á dá ihò sí i, wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àwọn oníṣègùn kan a máa na aláìsàn tó bá tàpá sí wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń de èèyàn yéni: kò sí ògiri gíga, kò sí ẹ̀ṣọ́, igbó kò sì jìnnà, ẹni tó bá sá wọ̀ ọ́ lóru lè má padà bọ̀. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ tó ti wú nínú àbà, tó ti dọgbẹ́, ìyà ni. Àwọn oníṣègùn tó mọṣẹ́ a máa tú ẹni náà sílẹ̀ ní kété tí egbò bá ti mú ara rẹ̀ rọ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ará ilé ló dà. Á bá wọn lọ sóko, á gbálẹ̀, á pọnmi, á jẹun pẹ̀lú wọn. Àwọn ẹbí rẹ̀ á máa wá wò ó, ẹlòmíràn á tilẹ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lè lo oṣù mélòó kan níbẹ̀. Bí ó bá wá yá, wọn kì í kàn ní kó máa lọ sílé. Wọ́n á mú un lọ sétí odò, wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ ẹyẹlé wẹ orí náà, wọ́n á sì wẹ̀ ẹ́ mọ́. Aṣọ tó wọ̀ nígbà àìsàn, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á jù ú sínú omi kí odò gbé e lọ. Aṣọ mìíràn ni yóò wọ̀ padà wọ ìlú. Gbogbo ẹni tó bá rí i lọ́nà ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi bú u mọ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti lè rí lójú ẹni tó ń wòye láti òde. Kò sí ìwé ẹ̀rí ilé ìwòsàn kankan tó lè sọ fún ọjà àti àdúgbò, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pé èèyàn yìí ti di ẹni tí a lè fọmọ fún.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n sì mú ọ̀nà tiwọn wá. Wọ́n ṣí ilé wèrè sí Calabar ní 1904, wọ́n ṣí òmíràn sí Yàbá ní 1907. Ibi ìtìmọ́lé ni méjèèjì jẹ́ ju ibi ìwòsàn lọ: ẹni tó ń da ìgboro rú ni wọ́n ń kó síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá láìsí dókítà kankan tó kọ́ṣẹ́ ọpọlọ níbẹ̀. Ní abúlé, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni àwọn èèyàn ṣì ń gbé èèyàn wọn lọ.

Àwọn oníṣègùn náà kò fọkàn tán ìjọba, wọ́n sì ní ìdí. Ní 1917 òfin ka bíbọ Ṣọ̀pọ̀ná léèwọ̀. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown ní 1861, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn dé Scotland, ló wọ ẹgbẹ́ àwọn olùbọ Ṣọ̀pọ̀ná lábẹ́lẹ̀, tó rí bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń tan ìgbóná ká, tó sì tú àṣírí náà. Ẹ̀mí púpọ̀ ni ìyẹn gbà là. Sàpàrà yìí kan náà kò kórìíra egbòogi. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ewé àti egbò jọ, ó ń yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ń lò wọ́n fún àwọn aláìsàn rẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn oníṣègùn rántí ni òfin. Ọ̀pọ̀ wọn gbé iṣẹ́ wọn wọ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì kọ́ bí èèyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè aláṣẹ láìsọ nǹkan kan.

Ogun Àgbáyé Kejì ló yí ọ̀rọ̀ padà ní Abẹ́òkúta. Lára àwọn ọmọ ogun tó ń darí bọ̀ láti ojú ogun, àwọn kan wà tí orí wọn ti dàrú. Ní 1944 ni wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lántòrò di ibi ìtọ́jú wọn. Láti ibẹ̀ ni èrò àtikọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó péye sí Àró, lẹ́yìn ìlú, ti wá.

Ẹni tí wọ́n ní kó wá darí rẹ̀ ni Thomas Adéoyè Lámbò. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1923 ni wọ́n bí i. Ó ka ìwé ní Baptist Boys’ High School, ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní London. Òun ni wọ́n kà sí dókítà ọpọlọ àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tó dé Àró ní 1954, àwọn bíríkìlà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé kò tíì ṣeé gbé.

Lámbò kò dúró dè wọ́n. Ó tọ àwọn baálẹ̀ abúlé mẹ́rin tó yí ibẹ̀ ká lọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará abúlé máa gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Ó fi májẹ̀mú kan sí i: kò sí aláìsàn tó gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò bàbá ni o, ó kéré tán ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, kó máa se oúnjẹ rẹ̀, kó máa fọ aṣọ rẹ̀.

Bí ọjọ́ kan ṣe ń rí nìyí. Láàárọ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ àti àkàrà, ìyá á mú ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n á gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni yóò ti gba abẹ́rẹ́ tàbí hóró oògùn, tàbí kí wọ́n fi iná mànàmáná sí i lórí bí dókítà bá ní ó tọ́. Lọ́sàn-án, ìyá á padà wá mú un lọ sílé. Nọ́ọ̀sì kan wà lábúlé tó ń mójú tó wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí ará abúlé ń ṣe ni àwọn aláìsàn náà ń ṣe: ijó wà, ìsìn wà, nígbà mìíràn wọ́n á gbé sinimá wá sí ìta gbangba. Ẹni tó lè roko á bá onílé lọ sóko.

Abúlé pẹ̀lú jàǹfààní. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n ń rán àwọn èèyàn wá pa ẹ̀fọn. Owó ilé ń wọlé fún àgbẹ̀ tí kì í rí owó títí di ìgbà ìkórè. Nítorí náà, kì í ṣe àánú nìkan ló mú kí wọ́n gbà wọ́n, èyí kò sì dín iyì ohun tí wọ́n ṣe kù. Ètò tó dúró lórí àánú nìkan kì í pẹ́ kó tó wó.

Lámbò tún ṣe ohun kan tó bí àwọn òyìnbó kan nínú. Ó ṣa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jọ, ó gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé ìwé dókítà kò fún un láyè irú èyí, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó mọ̀ pé kò sí ẹbí tó ń gbé wèrè wá sí Àró tí kò tíì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Iṣẹ́ tó gbé lé wọn lọ́wọ́ yẹ fún àkíyèsí: ìgbé ayé àwọn aláìsàn ní abúlé, àpéjọ wọn, ijó wọn, ìjíròrò wọn, ni wọ́n ń darí. Oògùn wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn.

Ohun tí Lámbò mú nínú ilé oníṣègùn ni ilé fúnra rẹ̀. Ẹbí tó wà nítòsí, oúnjẹ tí ọwọ́ ìyá sè, iṣẹ́ oko, ará àdúgbò tí kì í sá fún èèyàn: gbogbo èyí ló gbé wá sí Àró, ó yọ àbà kúrò níbẹ̀. Egbò ló fi sílẹ̀.

Àwọn mìíràn, níbi tó jìnnà gan-an, ti mú egbò lọ.

Asofẹ́yẹjẹ ní ìbátan ní Íńdíà, igi kékeré tí wọ́n ń pè ní sarpagandha, tí àwọn èèyàn ibẹ̀ náà ń lò fún wèrè láti ayébáyé. Ní 1931, Gananath Sen àti Kartick Chandra Bose kọ̀wé pé egbò rẹ̀ ń rọ wèrè, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní 1949, dókítà ọkàn kan ní Bombay, Rustom Vakil, gbé èsì ìtọ́jú rẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayé wá gbọ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ Ciba ní Basel, ní Switzerland, fa èròjà kan jáde láti inú egbò náà, wọ́n pè é ní reserpine. Ní 1954, ọdún tí Lámbò dé Àró gan-an, Nathan Kline ní New York kéde pé reserpine ń mú ara àwọn wèrè tó ń jà balẹ̀. Ìyẹn wà lára oògùn àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí àwọn ilé ìwòsàn ńlá Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn wọn fún àwọn tí wọ́n ti tì mọ́lé fún ogún ọdún.

Egbò Íńdíà kò tó. Ìjọba ibẹ̀ ń dáàbò bo igi náà kó má baà tán nígbó, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn sì wá ojú sí Áfíríkà. Wọ́n rí i pé reserpine inú asofẹ́yẹjẹ pọ̀ ju ti igi Íńdíà lọ. Láti igbó Kóńgò àti àwọn ibòmíràn ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó egbò náà ní àpò-àpò lọ sí Yúróòpù. Orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni Rauvolfia vomitoria. Àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń rọ wèrè kò gba kọ́bọ̀.

Ní Àró, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà, dé síbi iṣẹ́ ní 1957. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn oníṣègùn nílé wọn, ó ń wò bí wọ́n ṣe ń gba aláìsàn àti bí wọ́n ṣe ń po oògùn. Ní 1960 ó gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà: àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè, egbò kan náà tí ilé iṣẹ́ ńlá ń fi ṣe hóró oògùn. Ó padà wá láti 1961 dé 1963, ó tún lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn sí i. Nínú ohun tó kọ lẹ́yìn náà, kò fi iṣẹ́ wọn mọ sórí egbò. Ó kọ nípa àbà, ó kọ nípa odò, ó kọ nípa bí ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣègùn ṣe ń wọ aláìsàn lára, kò sì pa ibi tí ìyà wà mọ́. Nínú gbogbo àwọn àjèjì tó kọ nípa ìtọ́jú wèrè nílẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà náà, tirẹ̀ ló fi sùúrù wò jù.

Báyìí ni ohun tó jẹ́ ọ̀kan nínú agbo ilé oníṣègùn ṣe pín sí méjì. Ilé iṣẹ́ oògùn mú egbò, wọ́n sọ ọ́ di hóró tí ẹnikẹ́ni lè gbé mì láìní ẹni tó jókòó tì í. Àró mú ilé, ó fi oògùn tuntun sí àyè egbò. Ó sì yẹ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ti hóró kò pẹ́. Àwọn dókítà rí i pé reserpine lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, ó sì lè fa ìbànújẹ́ tó wúwo fún àwọn kan. Chlorpromazine, tó jáde láti ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ìgbà kan náà, gba ipò rẹ̀ nínú ìtọ́jú wèrè. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n wá ń lo reserpine fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

Ti ilé rìn jìnnà. Ní oṣù kọkànlá 1961, Lámbò pe àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà sí ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti ṣe é. Lọ́dún kan náà ni Alexander Leighton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell dé, tí wọ́n bá Lámbò ṣe ìwádìí láàárín àwọn abúlé Ẹ̀gbá. Ìwé tó tinú rẹ̀ jáde ní 1963 wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó fi ojú kan náà wo ìlera ọpọlọ ará abúlé Áfíríkà àti ti ará Kánádà. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà rán èèyàn wá wo bí Àró ṣe ń ṣe é.

Ìwádìí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ Yorùbá kò gbọ́ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún 1970 pé, Àjọ Ìlera Àgbáyé mú ìlú mẹ́sàn-án: Ìbàdàn, Agra ní Íńdíà, Cali ní Kòlóńbíà, London, Washington, Moscow, Prague, Taipei àti Aarhus. Àwọn aláìsàn 1,202 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé bí ara wọn ṣe ń rí. Nígbà tí wọ́n tún wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, èsì náà kò bá ìrètí àwọn onímọ̀ mu. Àwọn tó ní irú wèrè tí ìwé òyìnbó ń pè ní schizophrenia ní Ìbàdàn, Agra àti Cali ń sàn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn ní London àti Washington lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, àwọn kan tilẹ̀ ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ka iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn ni ẹbí: ilé tí aláìsàn lè padà sí, iṣẹ́ tó lè ṣe bí kò tilẹ̀ yá tán, èèyàn tí kò lé e jáde. Oníṣègùn Ẹ̀gbá tó ń mú aláìsàn lọ sóko ní 1900 kò ní rí ohun àrà nínú ìyẹn.

Lámbò fi Àró sílẹ̀ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó di ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ní 1968, lẹ́yìn náà ó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, níbi tó ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà láti 1973 dé 1988. Orí àga yẹn ló wà nígbà tí ìpàdé Alma-Ata ti 1978 kéde pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ipò nínú ètò ìlera àwọn orílẹ̀-èdè. Ó kú ní 2004.

Ètò abúlé kò bá a pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló rọlẹ̀, ìlú Abẹ́òkúta fẹ̀ dé ibi tí oko wà tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn Àró ṣì wà, ó ti di ti ìjọba àpapọ̀, èèyàn sì ń ti jìnnà wá síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ìyá ń gbà mú ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n jọ ń gbà padà lọ́sàn-án, kò sí mọ́. Ó dunni, torí owó kékeré ni ètò yẹn fi ń ṣiṣẹ́, Nàìjíríà kò sì tíì rí òmíràn tó dára tó o fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí kò tíì tán ni ìdè. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n dé àwọn ibi ìtọ́jú 28 káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n rí èèyàn nínú ẹ̀wọ̀n onírin ní ilé ìwòsàn ìjọba, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibùdó àwọn àáfà, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn mìíràn fún ọdún. Oníṣègùn àtijọ́ tó mọṣẹ́ ń de èèyàn kí egbò tó ràn án, á sì tú u. Ohun tí ìròyìn náà ṣàpèjúwe ni ìdè tí kò ní oògùn, tí kò ní ọjọ́ ìtúsílẹ̀, tí kò sì ní odò ní òpin rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin wèrè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀.

Egbò náà wà lọ́jà. Ní Bódè ní Ìbàdàn àti lọ́dọ̀ àwọn eléwé ọmọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá béèrè asofẹ́yẹjẹ á rí i rà, gbígbẹ tàbí tútù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á nísinsìnyí kò tilẹ̀ rò ó mọ́ wèrè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ rà á, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìgò, wọ́n á máa mu ún ní ife-ife. Láyé àtijọ́, ẹni tó pò ó ló ń wo ojú ẹni tó mu ún ní gbogbo ọjọ́, tó mọ ìgbà tó yẹ kó dín in kù. Ẹni tó rà á lọ́jà kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lè máa lo hóró ẹ̀jẹ̀ ríru láti ilé ìwòsàn mọ́ ọn, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé á ṣubú ní ìdìde. Nítorí náà, bí bàbá àgbà kan bá jókòó níwájú dókítà ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn tí òòyì ń kọ́ ọ, kí dókítà tó kọ oògùn mìíràn, ó yẹ kó bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ ń mu asofẹ́yẹjẹ? Báwo lẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n, ta ló sì ń bá yín pò ó?”